ePing: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó yẹ kí ẹni tí ń kó ọjà jáde láti Èkó mọ̀ ọ́n lò

Kòkó tó bá ti Àpápá dé Rotterdam, 0% ni owó ibodè rẹ̀. Yànmọ̀tí, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bẹ́nísíìdì, 0% ni òun náà. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń kọ́kọ́ bi agẹ́ńtì wọn kò yí padà: "Èló ni a máa san fún kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún?" Kò sí ohun tí wọn yóò san. Ohun tó ń dá kọ̀ńténà padà ni kòkòrò àrùn Salmonella tí wọ́n bá nínú àpò, òògùn apakòkòrò tó ju òṣùwọ̀n lọ, ìwé ẹ̀rí tí déètì rẹ̀ kò bá ti ìwé ẹrù mu, pálẹ́ẹ̀tì onípákó tí kò ní òǹtẹ̀. Kò sì sí iye tí èèyàn lè san lójú ibodè tí yóò mú Salmonella kúrò nínú ọjà.

ePing ni iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta èèyàn lólobó kí ìlànà tuntun tó dé. Àjọ Òwò Àgbáyé, ìyẹn WTO, pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti International Trade Centre ló jọ gbé e jáde ní 2016. Ní 2022 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó àwọn àkójọ ìwé tí WTO ti ní tẹ́lẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀. Ojúlé rẹ̀ ni eping.wto.org. A yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó ń ra ẹrù ní Alábà Rago tàbí Mile 12, tó ń dì í ní Mushin tàbí Ìsọlọ̀, tó sì ń gbé e gba Lilypond ní Ìjọ́ra lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìdájọ́ wa nìyí kí ẹ tó ka ìyókù: ó wúlò, ó ṣeé gbára lé, ó sì yẹ kí gbogbo agẹ́ńtì máa gba ímeèlì rẹ̀. A fún un ní 7 nínú 10. Mẹ́ta tí a yọ, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ePing wà fún, ẹ ní láti mọ bí owó ibodè ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìlànà. Láti 1947 tí orílẹ̀-èdè 23 ti fọwọ́ sí àdéhùn GATT ní Geneva, ìpàdé lórí ìpàdé ni wọ́n fi ń gé owó ibodè kù. Nígbà tí ìpàdé Uruguay fi parí ní 1994, àròpín owó ibodè lórí ọjà ilé iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kò tó 5% mọ́. Wọ́n tún kọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ kọjá sílẹ̀, ọjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ìjọba tó bá ti buwọ́ lù ú kò lè dédé gbé e kọjá ibẹ̀ láìfún àwọn tó ń bá a ṣòwò ní nǹkan dípò. Àmọ́ àgbẹ̀ àti oníléeṣẹ́ tó wà nílé kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Wọ́n ṣì ń fẹ́ kí ìjọba gba àwọn lọ́wọ́ ọjà àjèjì. Ibi tí ọwọ́ ìjọba ṣì ti tú sílẹ̀ ni ìlànà, ìwé àṣẹ, òṣùwọ̀n, àti ọ̀nà tí ọjà gbọ́dọ̀ gbà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní kedere, kí ó wo ohun tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní 1982. Wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀rọ fídíò tó bá ti òkè òkun wá gbọ́dọ̀ gba ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní Poitiers, ìlú kan tó jìnnà sí etíkun, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ibodè. Ẹ̀rọ láti Japan kàn tò síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ ni, títí Japan fi gbà ní 1983 láti dín iye tó ń tà sí Yúróòpù kù. Lọ́dún 1981, Japan yìí kan náà ti "yọ̀ǹda ara rẹ̀" pé òun kò ní kó ju mọ́tò 1,680,000 lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún. Kò sí owó ibodè tuntun nínú ìyẹn náà.

Nígbà tí WTO fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1995, wọ́n fòfin de irú àdéhùn ìdákọ́ńkọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà oúnjẹ, ìlera ohun ọ̀gbìn àti ẹran, àmì ara ọjà, àti bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ rí, wọn kò lè fòfin de ìyẹn, torí pé ìjọba tó bá ń dáàbò bo ọ̀fun àwọn ará ìlú rẹ̀ kò ṣẹ̀. Àdéhùn méjì ni wọ́n fi dè é. SPS ni ti oúnjẹ, ẹranko àti ohun ọ̀gbìn. Ó ní ìlànà gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì. TBT ni ti ìyókù: àlẹ̀mọ́ ara ọjà, páálí, ohun èlò iná mànàmáná àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ di dandan pé kí ìjọba tó bá fẹ́ gbé ìlànà tuntun jáde, tó sì yàtọ̀ sí ti àgbáyé, kéde rẹ̀ fún àwọn yòókù nígbà tó ṣì jẹ́ àbá. Ìkéde wọ̀nyí ni ePing ń kó jọ tó ń fi ránṣẹ́ sí yín.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè òkun nìkan ló ń ṣe é. Owó ibodè Nàìjíríà ti wà lábẹ́ ìlànà ECOWAS láti 2015, ipele márùn-ún péré: 0, 5, 10, 20 àti 35%. Ṣùgbọ́n ní oṣù Òkúdù 2015, báńkì àpapọ̀ ka ọjà 41 sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là rà ní ojú ọjà ìjọba. Ó di 43 nígbà tó yá, kò sì kúrò títí di oṣù Ọ̀wàrà 2023. Ní oṣù Ògún 2019 wọ́n ti ibodè orí ilẹ̀ pa, ó di oṣù Ọ̀pẹ 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà tó ń ka ìwé owó ibodè nìkan kò ní rí ọ̀kankan nínú méjèèjì níbẹ̀. Lóòótọ́ Amẹ́ríkà gbé owó ibodè padà wá ní 2025, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kó ọjà lọ síbẹ̀ máa wo ìyẹn. Àmọ́ kò mú ọ̀kan nínú àwọn ìlànà wọn kúrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí i.

Ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀. Ẹ lè wá nǹkan níbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n olobó kò ní máa bọ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ óò yàn: orílẹ̀-èdè tí ẹ̀ ń tà sí, ọjà yín, àti bóyá ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ̀wé sí yín. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kóòdù HS, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ ọjà kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ fi yan ọjà: yànmọ̀tí 1207.40, kóró kòkó 1801, ẹ̀wà gbígbẹ àti irú rẹ̀ 0713, ẹ̀pà 1202, atalẹ̀ 0910, ẹ̀gúsí 1207.70, epo pupa tí wọn kò tíì fọ̀ 1511.10. Ẹni tí kò bá mọ kóòdù tirẹ̀, kí ó wo NXP, ìyẹn fọ́ọ̀mù ọjà tó ń jáde, tó fi kó ẹrù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á yan kóòdù ọjà wọn, wọ́n á dúró, nǹkan kan ò ní wá, wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò dára. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ìkéde tó léwu jù kì í dárúkọ ọjà yín sórí. Orúkọ kẹ́míkà ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á wá fi "in or on certain products" tì í. Ẹ̀wà, yànmọ̀tí àti atalẹ̀ wà nínú "certain products" yẹn, nínú tábìlì tó wà ní ẹ̀yìn ìwé. Nítorí náà, yàtọ̀ sí kóòdù, ẹ fi ọ̀rọ̀ wá a: "maximum residue levels" (òpin apakòkòrò tó lè ṣẹ́ kù lára ọjà), "aflatoxins" (májèlé inú ọjà tó bá bu), "Salmonella", "dichlorvos" (èròjà inú apakòkòrò), àti orúkọ òògùn yòówù tí àwọn tó ń ta ẹrù fún yín bá ń lò. Ohun tó wà nínú ìgò náà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Ẹni tó bá kọ "ọ̀tápíápíá" kò ní rí nǹkan.

Ìkéde kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bíi G/SPS/N/EU tàbí G/TBT/N/USA, kí iye tó tẹ̀ lé e. Àárín nọ́ńbà yẹn ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ti oúnjẹ ni tàbí ti àlẹ̀mọ́ àti ìyókù. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, bíi EU tàbí USA, ló ń sọ ẹni tó kéde. Ìlà mẹ́tàlá ló wà nínú fọ́ọ̀mù SPS. Ìlà 3 ni ọjà tó kàn. Ìlà 4 ni orílẹ̀-èdè tó ṣeé ṣe kí ó kàn, gbogbo aráyé ni wọ́n sì sábà máa ń sàmì sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín fojú fò ó. Ìlà 6 ni àlàyé ní ṣókí.

Ìlà 8 ni kí ẹ dúró tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi ìjọba náà bóyá ìlànà àgbáyé kan ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bíi ti Codex fún oúnjẹ tàbí ti IPPC fún ohun ọ̀gbìn, àti bóyá àbá tirẹ̀ bá a mu. Bí ó bá sàmì sí i pé kò bá a mu, ó ní láti ṣàlàyé ibi tó ti yàtọ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀pà: Codex gba aflatoxin tó tó máíkírógíráàmù 15 nínú kílò kan fún ẹ̀pà tí wọ́n ṣì máa ṣiṣẹ́ lé lórí; Yúróòpù ní ẹ̀pà tí èèyàn máa jẹ tààrà kò gbọdọ̀ ju 4 lọ lápapọ̀, tí aflatoxin B1 nìkan kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Àlàfo yẹn ni ìjà ti máa ń wáyé ní Geneva. Ohun tí ìlà 8 bá sọ ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá ìjọba Nàìjíríà lè bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà, tàbí kí oníṣòwò tètè wá láàbù tó dára.

Ìlà 11 ni ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlà 12 ni ọjọ́ tí èsì ń parí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn èèyàn láti fèsì, òfin sì sábà máa ń dúró tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Àkókò yẹn gan-an ni èrè ePing. Oṣù mẹ́fà tó láti bá àwọn tó ń ta ẹrù fún yín sọ̀rọ̀ kí irè tuntun tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí kọ̀ńténà ti kúrò ní Tin Can kò tó ṣe nǹkan kan. Ìlà 13 ni ibi tí wọ́n fi ìwé àbá náà gan-an sí. Ibẹ̀ ni ìdíwọ́ kan wà: fọ́ọ̀mù lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ìwé tó so mọ́ ọn jẹ́ èdè Ṣáínà tàbí èdè Japan.

Èyí ni àkọ́kọ́ nínú máàkì mẹ́ta tí a yọ. Iṣẹ́ náà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Spanish, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kò ro ti ìyá tó ń di ẹ̀gúsí ní Òkè-Àrìn, òun náà sì wà lára àwọn tí ìlànà yìí ń bá jà. Agẹ́ńtì ló máa ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìkéde náà sì pọ̀: ti TBT nìkan ju 4,000 lọ ní 2023. Ẹni tó bá yan "gbogbo orílẹ̀-èdè" máa rí ímeèlì tí kò ní lè kà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa pa wọ́n rẹ́ láìṣí wọn.

Ìkejì: ohun tó ń yí padà ni ePing ń sọ. Ohun tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kò ní kọ̀wé sí yín lórí ìyẹn. Ẹ mú pálẹ́ẹ̀tì. Ìlànà ISPM 15 ní pákó tí wọ́n bá fi di ẹrù gbọ́dọ̀ ti gba ooru 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdáwọ́dúró, kí ooru náà sì dé àárín igi gan-an, kì í ṣe ara rẹ̀ lóde nìkan. Òǹtẹ̀ tó máa wà lára rẹ̀ ní àmì ṣírí ọkà pẹ̀lú lẹ́tà IPPC, lẹ́tà NG fún Nàìjíríà, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, àti HT. Bí káfíńtà bá yọ pákó kan tó ti fọ́, tó sì kan pákó tuntun tí kò tíì rí iná mọ́ ọn, òǹtẹ̀ yẹn ti kú, bó tilẹ̀ ṣì hàn ketekete. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà bo òǹtẹ̀ náà tí kò ṣeé kà mọ́, bákan náà. Nítorí pákó kan, kọ̀ńténà odidi lè padà sẹ́yìn. Ẹni tí ePing nìkan bá ń tọ́ sọ́nà kò ní gbọ́ èyí, torí pé ìlànà náà ti wà kí ePing tó dé ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Japan: láti oṣù Èbìbí 2006, apakòkòrò tí wọn kò bá kọ iye pàtó fún, 0.01 ppm ni òpin rẹ̀, ìyẹn mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Gbogbo ẹni tó ń ta yànmọ̀tí fún Japan ló yẹ kí ó mọ nọ́ńbà yìí lórí.

Nítorí náà, ẹ má lo ePing láìní Access2Markets lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojúlé EU, ìyẹn Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nìyẹn, láti 2020, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Ẹ lọ sí My Trade Assistant, ẹ kọ kóòdù ọjà, ẹ yan Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti ń bọ̀, ẹ yan Nẹ́dálàǹdì tàbí Jámánì gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń lọ. Owó ibodè máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n to ohun tí òfin béèrè fún sí: ìlera, àlẹ̀mọ́, ìwé ẹ̀rí. Níbi yìí, EU ṣe dáadáa ju ePing lọ, torí pé ohun tó wà lójú iṣẹ́ lónìí ló ń sọ.

Amẹ́ríkà kò ní ohun kan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe oúnjẹ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, àjọ wọn tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, kí ó ní aṣojú kan lọ́hùn-ún, kí ó sì tún orúkọ náà ṣe láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Ọ̀pẹ ní gbogbo ọdún tó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Ẹrù tó bá gba ojú omi, ìfitónilétí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ FDA ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ kí ó tó gúnlẹ̀. Ti ọkọ̀ òfuurufú, wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń fi yànmọ̀tí sínú ìpápánu rẹ̀ ní Ìkẹjà kí ó rántí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, òun ni ìkẹsàn-án nínú àwọn ohun tí Amẹ́ríkà ní dandan ni kí wọ́n kọ sára ọjà nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà á. Ní Yúróòpù, ohun 14 ni, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dá yàtọ̀ sí ìyókù nínú àkọsílẹ̀ èròjà, bóyá kí lẹ́tà rẹ̀ dúdú sí i. Nǹkan kékeré lójú, òun sì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kó ọjà kúrò lórí àtẹ.

Ìkẹta nínú máàkì tí a yọ kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ṣe ePing, àmọ́ ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìkéde ìjọba ni ó ń gbé. Ohun tí ilé ìtajà ńlá fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́, bíi ìwé ẹ̀rí GLOBALG.A.P. tó ń fi hàn pé wọ́n ṣe iṣẹ́ oko bó ṣe yẹ, kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Yúróòpù kì í rà láìsí irú rẹ̀. Ìjọba mìíràn tún wà tí kì í kéde lásìkò. Ìlànà pàjáwìrì sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀: ó lè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Àwọn kan ní Àpápá máa ń sọ pé gbogbo ìlànà yìí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, pé òyìnbó kàn fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Òkúdù 2015 tí EU fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, dichlorvos ló fà á, ìyẹn èròjà inú apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀wà. Òpin wọn ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ títí dé 4.6. Èyí tó ga jù jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí wọ́n gbà láyè. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí 2019, wọ́n tún sún un sí 2022. Àwọn ọmọ wa tó ń jẹ ẹ̀wà yẹn ní Agége àti Èbúté Mẹ́ta kò ní EU tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn. Ohun tó ń tún irú rẹ̀ ṣe wà nílé: àpò PICS, tó ní ọ̀rá méjì nínú àpò kan, tí èèyàn á so ẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí òògùn kankan. Bí wọ́n bá so ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rá náà, tàbí tí eku bá dá a lu, ó ti bàjẹ́.

Ìlànà tó wúwo lọ́nà mìíràn ni ti EU lórí igbó pípa run, èyí tó kan kòkó àti epo pupa. Kò sí òògùn nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ibi tí oko wà gan-an lórí máàpù, nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, kí wọ́n yà á yípo. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rí pé wọn kò gé igbó níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú léèmejì. Owó ibodè kòkó ṣì jẹ́ 0%, àmọ́ àgbẹ̀ Ọ̀ndó tí kò bá ní nọ́ńbà oko rẹ̀ lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ní èyí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ pé ìdènà ni tọ́, torí pé ẹni tó ní hẹ́kítà kan àti ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rí kan náà pé wọn kò gé igbó ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá rí ìkéde tó máa ṣe òwò yín ní ibi, ẹ kò lè kọ̀wé tààrà sí Brussels gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò Nàìjíríà kí wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọ́fíìsì tí ìjọba wa yàn fún ọ̀rọ̀ ìkéde wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní enquiry point, ni yóò gbà. Ti TBT wà lọ́wọ́ SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà. Ẹ kọ nọ́ńbà ìkéde náà sókè, ẹ sọ kóòdù HS yín, iye tí ẹ̀ ń kó lọ lọ́dún, ìlà tí ẹ kò fara mọ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ fi èsì láàbù tì í. Lẹ́tà tó kàn ń ráhùn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Geneva. Ẹgbẹ́ ní ohùn ju ẹnì kan lọ, nítorí náà ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ọjà jáde, tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò Èkó tí wọ́n ń pè ní Lagos Chamber of Commerce, ni kí ẹ bá lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá.

Fún ọjà tó ń lọ sí Gánà, Kẹ́ńyà tàbí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn lábẹ́ AfCFTA, ìyẹn àdéhùn òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tradebarriers.africa ni ibi ẹjọ́. Ẹ óò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibodè wo, ọjọ́ wo àti ọjà wo síbẹ̀, aṣojú orílẹ̀-èdè méjèèjì á sì rí i. Ìjábá tó ti ṣẹlẹ̀ ni ó wà fún. Kì í ta èèyàn lólobó.

Kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Ìjọ́ra àti etí omi. Fọ́ọ̀mù NXP, owó NESS, ìyẹn owó àbójútó ọjà tó ń jáde, tó jẹ́ 0.5% iye ẹrù, ìwé CCI tí àwọn olùyẹ̀wò ń fún ẹrù tó bá yege, ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn ti NAQS, ti NAFDAC bí ó bá jẹ́ oúnjẹ tí a ti ṣe: gbogbo wọn ní láti pé kí kọ̀ńténà tó wọ ọkọ̀. Bí ìwé kan bá fà sẹ́yìn, kọ̀ńténà á wà nínú oòrùn, ọ̀rinrin Èkó á wà lóde, omi á máa kán láti òrùlé irin sórí àpò ní òru. Kòkó tó wọlé pẹ̀lú omi 7% lè jáde pẹ̀lú èyí tó ju 8% lọ, èbíbu á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi páálí bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ńténà nínú, ẹ so ohun tó ń fa omi kọ́ sí i, kí ẹ sì mú àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í tán, kì í ṣe láti inú àpò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fi hàn yín lọ́jà.

Ẹni tó ń fi àpò gàrí kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní London kò nílò ePing. Ẹni tó ń kó kọ̀ńténà kan péré lọ́dún nílò rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀, ẹ ka ìlà 3, 8, 11 àti 12 nìkan. Bí ọjà yín tàbí òògùn tí wọ́n ń lò sí i bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ inú ìlà 11 sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì pe àwọn tó ń ta ẹrù fún yín lọ́jọ́ náà gan-an.